Bẹ́ẹ̀dì Tí Apànìyàn Tẹ́

Ìka mẹ́ta ni wọ́n ti ṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà kí wọ́n tó fi áyọ́ọ̀nù fọ́ ọ lórí. Atúèèrà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo àwọn ìka náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dìde.

Òkú náà wà nílẹ̀ láàárín tábìlì ìkàwé àti ògiri, ó dojú bolẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti ta sára ògiri dé ìsàlẹ̀ fèrèsé, ó ti gbẹ, ó ti dúdú. Áyọ́ọ̀nù náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, irun díẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ẹnu irin náà. Wọ́n ti ki aṣọ ìnura bọ̀ ọ́ lẹ́nu débi pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Ìró òkun ń wọlé láti ojú fèrèsé bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ti yanjú, Baba," ni sájẹ́ǹtì wí láti ẹnu ọ̀nà. "Àfẹ́sọ́nà ẹ̀ ló pa á. Atukọ̀ tó máa ń gbé àwọn àlejò lọ sí erékùṣù. Ẹ̀jẹ̀ kún ẹ̀wù ẹ̀ láti ọrùn dé ìdí. Àwọn ará àdúgbò ti bá wa nà án díẹ̀ ká tó dé."

"Díẹ̀ báwo?"

"Eyín méjì."

Atúèèrà wò ó. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fún un, nítorí wọ́n ní kò sí èèrà tó kéré jù fún un láti fara balẹ̀ tú títí yóò fi rí ìfun rẹ̀. Ó ku oṣù mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti oṣù mẹ́jọ, láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tí kò pọ̀ tẹ́lẹ̀ ti wá dín kù sí èyí tí iṣẹ́ bá béèrè.

"Ta ló kọ́kọ́ rí òkú?"

"Òun náà ni. Ó ní òun gbé e mọ́ra. Gbogbo wọn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹni tí inú bá ń bí kì í ṣẹ́ ìka," ni Atúèèrà wí. "Ẹni tí inú ń bí á gbá ẹ lórí, ó parí. Ìka kan, ó dúró. Ìka kejì, ó tún dúró. Ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ni atukọ̀ fẹ́ bi àfẹ́sọ́nà ẹ̀ tó tó ìka mẹ́ta?"

"Ọkùnrin mìíràn. Owú, Baba. Owú lè béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Kò burú fún ọmọdé. Atúèèrà mi orí, ó sì yíjú sí yàrá náà. Wọ́n ti tú u bí ìgbà tí adìyẹ bá tú ààtàn. Àwọn ìwé wà káàkiri ilẹ̀, wọ́n ti fa dúrọ́ọ̀ tábìlì jáde, wọ́n ti da àpótí aṣọ dojú délẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló wà létòlétò nínú yàrá náà, ohun náà ló sì mú un dúró.

Bẹ́ẹ̀dì.

Aṣọ funfun orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí ibi tó hunjọ lára rẹ̀. Ìrọ̀rí dúró gbọnrangandan ní ìgbèrí. Atúèèrà gbé etí aṣọ náà sókè láàárín. Fóòmù tó wà lábẹ́ ní àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, aṣọ tó bò ó sì mọ́ tónítóní.

"Wọ́n tẹ́ ẹ lẹ́yìn tí wọ́n pa á tán," ni ó wí.

"Kí ló dé tí apànìyàn á fi máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì?"

"Ó gbé fóòmù sókè láti wá nǹkan lábẹ́ ẹ̀. Nígbà tó gbé e padà, ó rí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, ó mú aṣọ mìíràn, ó fi bò ó. Ìyókù, ọwọ́ ẹ̀ ló ṣe é. Orí ẹ̀ ò sí níbẹ̀."

Ó rìn lọ sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó wo igun aṣọ náà. Wọ́n ti ká igun náà bí àpò lẹ́tà, wọ́n sì ti ki í bọ abẹ́ fóòmù. Ṣùgbọ́n ní ìdí rẹ̀, ẹni tó ká a ti fi etí aṣọ díẹ̀ sílẹ̀ síta, fífẹ̀ ìka méjì péré, bí ahọ́n ọmọdé tó ń fi ni ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó mọ ahọ́n yẹn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi sùn lórí rẹ̀.

Òtẹ́ẹ̀lì ńlá tó wà létí òkun ni ìyàwó rẹ̀ ti ṣiṣẹ́, yàrá ló ń tún ṣe, nígbà tó sì yá, òun ló ń kọ́ àwọn tuntun. Tíṣà ni wọ́n ń pè é. Èékánná òun ló kọ́ òun lọ́gbọ́n yẹn, ni ó máa ń sọ. Ó ní bí o bá ki aṣọ bọ abẹ́ fóòmù tó le koko, èékánná ẹni tó máa tú u lọ́jọ́ kejì ló máa ya. Fi ìka méjì sílẹ̀ síta fún un. Bó bá fà á, gbogbo rẹ̀ á tú wẹ́rẹ́. Kò sí ilé ìtura mìíràn tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe láàárín àwọn tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́.

"Baba, kí lẹ rí?"

"Bẹ́ẹ̀dì."

"Bẹ́ẹ̀dì ni, Baba. Kò sí yàrá tí kò ní i."

Atúèèrà jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

*

Ìyá onílé jókòó lórí àpótí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń sunkún, ó sì ń sọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ọn.

"Ọmọ yẹn? Kó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ òkú. Oṣù mẹ́rin tó lò lọ́dọ̀ mi, mi ò rí ojú bẹ́ẹ̀dì yẹn rí. Ìwé ló ń sùn lé."

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe, Ìyá?"

"Ìwádìí yunifásítì. Ó ní òun ń kọ̀wé lórí àwọn òtẹ́ẹ̀lì etí òkun, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àlejò, àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwọn tó ń tọ́jú àlejò. Mo ní, ṣé ó di dandan kéèyàn lọ yunifásítì kó tó mọ àlejò gbà, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni ìyá mi kọ́ mi? Ó rẹ́rìn-ín títí." Ó fi etí aṣọ nu imú. "Ogójì ìwé ìbéèrè ló pín fún àwọn òṣìṣẹ́ inú òtẹ́ẹ̀lì ńlá. Inú fáìlì aláwọ̀ ewé ló kó gbogbo ẹ̀ sí."

Kò sí fáìlì aláwọ̀ ewé nínú yàrá náà. Atúèèrà ti wò ó.

"Ṣé àwọn òṣìṣẹ́ kọ orúkọ wọn sí i?"

"Rárá o. Nọ́ńbà ni. Ó ní òfin iṣẹ́ àwọn nìyẹn, orúkọ ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ jáde. Inú orí ẹ̀ ló kó orúkọ sí, kò kọ ọ́ síbì kankan." Obìnrin náà wo ẹ̀yìn, ó wo sájẹ́ǹtì tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyá àgbà kan wá síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó fi aṣọ wé ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀. Ọmọ yẹn ló bá a kọ ọ́, nítorí kò lè di bírò mú. Ó sunkún nínú yàrá yẹn ju wákàtí kan lọ. Nígbà tó ń lọ, mo gbọ́ tí ọmọ yẹn ń sọ fún un pé, 'Nọ́ńbà kẹtàdínlógún lẹ jẹ́, Màmá. Bí wọ́n bá tiẹ̀ fẹ́ pa mí, orúkọ yín ò ní jáde lẹ́nu mi.'"

Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, irú èyí tí ọmọdé máa ń sọ. Atúèèrà ronú kan ìka mẹ́ta náà.

"Àná ńkọ́? Ta ló wá?"

"Mi ò sí nílé. Ilé ọmọ mi ni mo wà láti ọ̀sán." Ẹkún tún gbé e. "Ká ní mo wà nílé ni."

"Ká ní ẹ wà nílé, òkú méjì la ò bá máa gbé," ni Atúèèrà wí. "Ìyá, ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yẹn, ẹ má sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Kódà fún ọlọ́pàá."

*

Atukọ̀ náà wà nílẹ̀ àhámọ́, ojú rẹ̀ kan ti wú pa. Sájẹ́ǹtì gbá a létí kí Atúèèrà tó jókòó.

"Jókòó dáadáa. Ọ̀gá fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀."

"Tó o bá tún gbá a," ni Atúèèrà wí, "ìwọ lo máa jókòó síbẹ̀." Ó yíjú sí ọkùnrin náà. "Wọ́n ní ẹ̀yin méjèèjì jà lójú gbogbo ayé ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn."

"A jà." Ẹ̀jẹ̀ ń bá itọ́ ẹnu rẹ̀ jáde. "Mo ní kó fi ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì yẹn sílẹ̀ kó padà sí iléèwé. Ó ní mo jẹ́ ojo."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Ọmọbìnrin kan tó ń tún yàrá ṣe já bọ́ láti bákónì àjà kẹta lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ní orí fèrèsé ló gùn láti nu jígí, ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ̀. Ẹnì kan wá kọ ọ́ sínú ìwé ìbéèrè pé kò yọ̀, wọ́n tì í ni."

"Kí ló ṣe sí i?"

"Ó gbé e tọ máníjà lọ. Ó ní olùkọ́ àwọn kọ́ àwọn pé kéèyàn gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì. Ó bi í lójú ara ẹ̀ pé, 'Ṣé ó ṣubú ni, àbí wọ́n tì í?'" Atukọ̀ náà ń sunkún báyìí. "Ó ní máníjà rẹ́rìn-ín, ó fún òun ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó sì béèrè ilé tí òun ń gbé. Ó sọ fún un, Baba. Ó tiẹ̀ júwe ẹ̀."

Sájẹ́ǹtì tẹrí ba. Ó ń wo bàtà rẹ̀.

Atúèèrà dìde. "Àṣìṣe tí ọmọ rere máa ń ṣe ló ṣe," ni ó wí. "Gbé mọ́tò. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ inú ìwé yẹn ṣì wà láàyè, máníjà ò sì ní jẹ́ kó pẹ́."

*

Nínú òtẹ́ẹ̀lì náà, ilẹ̀ ń dán bí ojú omi. Àwọn àlejò tó wọ pátá ìlúwẹ̀ẹ́ ń kọjá, iyanrìn ń jábọ́ lẹ́sẹ̀ wọn, ọmọbìnrin kan sì ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Nínú yàrá kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, Atúèèrà rí àwọn ọ̀dọ́bìnrin méjì tí wọ́n ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó dúró wò wọ́n. Aṣọ tí wọ́n ń lò ní rọ́bà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n kàn fi kọ́ fóòmù bí ẹni fi fìlà déni lórí ni.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ò ká igun ẹ̀?"

"Ká kí ni, Baba?" Ọ̀kan rẹ́rìn-ín. "Ayé àtijọ́ nìyẹn. Láti ọdún tí wọ́n ti tún ibí kọ́ ni rọ́bà ti dé."

"Ta ló ṣì mọ̀ ọ́n ká níbí?"

Wọ́n wo ara wọn. "Bóyá Ìyá Alágbàfọ̀ nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti jẹ ìka ẹ̀ méjì. Àti máníjà fúnra wọn. Ṣebí ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀."

Lẹ́yìn tábìlì akọ̀wé tó ń gba àlejò, fọ́tò kan wà lára ògiri. Ọ̀dọ́kùnrin kan gbé ife ẹ̀yẹ dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé òun ló mọ bẹ́ẹ̀dì tẹ́ jù lọ lọ́dún náà. Obìnrin kan dúró tì í tó ń rẹ́rìn-ín, aṣọ ìnura wà léjìká rẹ̀. Atúèèrà wo obìnrin náà fún ìgbà díẹ̀. Kò mọ̀ pé fọ́tò yẹn wà láyé. Ọ̀dọ́kùnrin inú rẹ̀ ló di máníjà lónìí, òun náà ló gbé ẹsẹ̀ pósí Tíṣà lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, tó sì sunkún ju àwọn ọmọ lọ.

"Ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fọwọ́ sí láràárọ̀ dà?" ni ó bi akọ̀wé.

"Máníjà ti gbé e sọ́dọ̀ láti òwúrọ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wo bí kálukú ṣe ń kọ̀wé."

"Ta ni kì í kọ̀wé sí i?"

"Ìyá Alágbàfọ̀ nìkan. Àtàǹpàkò ló máa ń tẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wá tò lẹ́sẹẹsẹ lọ́kàn Atúèèrà. Máníjà ti ka nọ́ńbà kẹtàdínlógún. Ó ti rí i pé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ ọ́. Ta ni akẹ́kọ̀ọ́ máa bá kọ̀wé bí kò ṣe ẹni tí kò lè kọ ọ́? Ohun tí ìka mẹ́ta kò sọ fún un, àtàǹpàkò kan ti sọ ọ́.

"Níbo ni Ìyá Alágbàfọ̀ wà báyìí?"

"Máníjà ní kó gbé aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ bá àwọn lájà kẹta ní aago méjì, nínú yàrá tí ọmọbìnrin yẹn ti já bọ́ lọ́dún tó kọjá."

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Atúèèrà bá a lórí àtẹ̀gùn, láàárín àjà kejì àti ìkẹta, sájẹ́ǹtì ṣì ń gun tìsàlẹ̀ bọ̀. Ó ń fọwọ́ òsì di ògiri mú, aṣọ funfun mẹ́ta wà léjìká rẹ̀, ó sì fi aṣọ wé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Nígbà tó rí Atúèèrà, ó dúró.

"Ọkọ Tíṣà," ni ó wí. "Wọ́n ní ọmọ yẹn ti kú."

"Ó ti kú."

"Ṣé ó..."

"Kò sọ ọ́. Wọ́n ṣẹ́ ẹ ní ìka mẹ́ta, kò sọ ọ́."

Obìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo mọ bó ṣe máa ń dunni," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Atúèèrà gba aṣọ kan léjìká rẹ̀. "Ẹ padà sísàlẹ̀, Màmá. Ẹ jókòó sáàárín èrò. Èmi ni mo máa gbé èyí dé ibẹ̀."

*

Bákónì yàrá náà ṣí sílẹ̀, aṣọ fèrèsé ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Máníjà dúró níbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn.

"Wọlé, Màmá, kó o ti ilẹ̀kùn," ni ó wí kó tó yíjú. Ẹ̀rín rẹ̀ dúró lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ yí padà. "Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin kọ́ ni mo ń retí."

"Mo mọ̀."

"Ṣé ara ti ń balẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn Tíṣà? Kò sọ́jọ́ tí mi ò rántí wọn."

"Ìyẹn náà ló gbé mi wá." Atúèèrà fa aṣọ onírọ́bà kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó na aṣọ funfun náà sí i. "Láti oṣù mẹ́jọ, kò sẹ́ni tó bá mi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bá mi tẹ́ èyí bí ó ṣe kọ́ ẹ. Mo kàn fẹ́ tún rí i."

"Níbi iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n?"

"Kì í gba ìṣẹ́jú méjì. Ìwọ lo gba ife ẹ̀yẹ."

Máníjà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gba aṣọ náà, ó sì gbọ̀n ọ́n. Atúèèrà bá kẹ̀yìn sí i, ó dojú kọ jígí tó wà lára kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni tó ń tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. Nígbà tó yíjú padà, bẹ́ẹ̀dì náà rí bí iṣẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Aṣọ náà rún, igun rẹ̀ ṣù bí ìdí àpò tí wọ́n so.

"Ẹ wò ó," ni máníjà wí. "Ọdún mẹ́wàá ni mi ò ti fọwọ́ kan aṣọ. Ọwọ́ mi ti gbàgbé."

"Orí ló ń gbàgbé. Ọwọ́ kì í gbàgbé." Atúèèrà fi ìka kan igun tó ṣù náà. "Mo wò ẹ́ nínú jígí. O ká igun yìí dáadáa, ó gún régé. Ìka ẹ méjì ti yọ ahọ́n ẹ̀ síta. Ìgbà náà lo tó rí ohun tí ọwọ́ ẹ ń ṣe, o sì fún un rún mọ́ra. Kí ló ń bà ẹ́ lẹ́rù nínú bẹ́ẹ̀dì tó tẹ́ dáadáa?"

Máníjà fà sẹ́yìn kúrò nídìí bẹ́ẹ̀dì.

"Èèyàn méjì péré ló kù nílùú yìí tó mọ ahọ́n yẹn í yọ. Ọ̀kan ò ní ìka tó lè fi yọ ọ́. O tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún òkú lánàá, o sì tẹ́ ẹ bí ìyàwó mi ṣe kọ́ ẹ. Fáìlì aláwọ̀ ewé dà?"

Ojú ọkùnrin náà yà sí báàgì tó wà lórí àga. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni, ṣùgbọ́n ó tó. Kí Atúèèrà tó gbé ẹsẹ̀, máníjà ti fò mọ́ ọn. Ó fi orí kàn án láyà, wọ́n jọ gba ilẹ̀kùn bákónì jáde, ẹ̀yìn Atúèèrà sì gbá irin bákónì gbìì. Egungun ìhà rẹ̀ kan dún kẹ́kẹ́. Ọwọ́ méjì tó fẹ̀ di ọ̀fun rẹ̀ mú, ó ń tì í sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kúrò nílẹ̀. Nísàlẹ̀, àwọn àlejò ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi aláwọ̀ aró, wọn ò gbójú sókè.

"Orúkọ kan ṣoṣo," ni máníjà ń sọ láàárín eyín, itọ́ rẹ̀ ń ta sí Atúèèrà lójú. "Orúkọ kan ṣoṣo ni mo ní kó sọ. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìka kìn-ín-ní. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀."

Atúèèrà fi ìka méjì gún un lójú. Ọkùnrin náà ké, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ṣì wà lọ́fun. Òkun ti ń ṣókùnkùn lójú Atúèèrà nígbà tí kóńdó sájẹ́ǹtì sọ̀ kalẹ̀ sí ìgbọ̀nwọ́ apá náà. Ó dún bí igi gbígbẹ. Sájẹ́ǹtì tún gbé e sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀ sí orúnkún, máníjà sì wó lulẹ̀ sórí bákónì náà, ó ń pariwo bí ẹran.

"Ó tó," ni Atúèèrà wí nígbà tí afẹ́fẹ́ padà sí i lọ́fun.

"Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ pé kéèyàn máa dúró lẹ́nu ọ̀nà," ni sájẹ́ǹtì wí. Ó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de máníjà mọ́ irin náà.

Nínú báàgì náà, fáìlì aláwọ̀ ewé wà, etí rẹ̀ ti gbẹ mọ́ra pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Ìwé ogójì pé síbẹ̀. Ìwé tí òṣìṣẹ́ fi ń fọwọ́ sí iṣẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ti fi pẹ́ńsùlù yí ìtẹ̀ka kan po.

"Ọmọ tó já bọ́ níbí," ni Atúèèrà bi í, "kí ló ṣe fún ẹ?"

Máníjà gbé orí lé ilẹ̀. "Ó ní òun máa sọ ohun tí mo ṣe sí òun nínú yàrá yìí." Ó sì tún ní, "Tíṣà ò bá ti gbà mí là, ká ní wọ́n wà."

"Ó dára tí kò sí," ni Atúèèrà wí.

*

Nígbà tí wọ́n ti gbé e lọ, sájẹ́ǹtì jókòó sí tábìlì akọ̀wé, ó ṣí ìwé rẹ̀.

"Baba, ó ku nǹkan kan. Ẹni tó rí i nígbà tó ti ọmọ yẹn lọ́dún tó kọjá, nọ́ńbà kẹtàdínlógún. Ilé ẹjọ́ máa béèrè. Ta ni?"

"Nọ́ńbà ni."

"Baba."

"Ọmọ kan ti kú lórí pé nọ́ńbà ni. Èmi kọ́ ni mo máa sọ ọ́ di orúkọ. Ní ti èyí tó pa lánàá, a ní fáìlì, a ní ẹ̀jẹ̀, a ní ohun tó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ. Ní ti tọdún tó kọjá, bó bá bọ́, ó bọ́." Ó dìde pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà. "Lọ tú atukọ̀ yẹn sílẹ̀. Kó o sì fẹnu ara ẹ bẹ̀ ẹ́, má rán ẹlòmíràn."

"Kí n ní kí ni?"

"Bẹ̀rẹ̀ láti orí eyín."

Ìyá Alágbàfọ̀ ti dìde láti àárín èrò. Kò sí ẹni tó pè é. Ó rìn wá, ó dúró níwájú tábìlì, ó sì tú aṣọ tó fi wé ọwọ́ rẹ̀. Ìka mẹ́ta ló kù níbẹ̀. Ó gbé e lé orí ìwé sájẹ́ǹtì níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i.

"Ọmọ mi, mú bírò ẹ," ni ó wí. "Orúkọ mi kò jáde lẹ́nu ọmọ yẹn. Lẹ́nu mi ló máa jáde."

Ó pe orúkọ rẹ̀, ti bàbá rẹ̀, ti bàbá bàbá rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kí sájẹ́ǹtì lè kọ ọ́ dáadáa.

*

Kí oòrùn tó wọ̀, Atúèèrà padà sí yàrá akẹ́kọ̀ọ́ náà. Wọ́n ti gbé òkú lọ. Ìyá onílé ti ń pọn omi tí yóò fi fọ ògiri, nítorí àwọn òbí ọmọ náà ti wà lọ́nà.

"Ẹ gbàgbé nǹkan ni, Ọ̀gá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó lọ sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó fi ìka méjì di ahọ́n náà mú, ó sì fà á. Gbogbo aṣọ náà tú wẹ́rẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe máa ń sọ. Kò ba èékánná kankan jẹ́. Ó ká aṣọ náà sápá, ó dúró díẹ̀ títí ìhà rẹ̀ fi gbà á láyè láti mí, ó sì jáde.